Oyin Ìsọmọlórúkọ Kì í Ṣe Oúnjẹ Ọmọ

Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni àwọn Yorùbá ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Obì, orógbó, ataare, iyọ̀, omi tútù àti oyin kì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Àgbà ilé a máa fi ìka kan oyin sí ọmọ lẹ́nu, a sì wúre pé kí ayé rẹ̀ dùn bí oyin. Àdúrà ni, kì í ṣe oúnjẹ.

Adùn inú agolo oúnjẹ ọmọ òde òní yàtọ̀ sí èyí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ Public Eye ti ilẹ̀ Switzerland àti ẹgbẹ́ IBFAN gbé ìwádìí jáde lórí oúnjẹ ọmọ tí ilé iṣẹ́ Nestlé ń tà káàkiri ayé. Nínú Cerelac kan tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, wọ́n bá gíráàmù 6.8 ṣúgà àfikún nínú ìwọ̀n tí ọmọ ń jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó ju hóró ṣúgà kan àti ààbọ̀ lọ. Ní Switzerland, níbi tí ilé iṣẹ́ náà fìdí kalẹ̀ sí, irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù kò ní ṣúgà àfikún rárá. Ilé iṣẹ́ náà fèsì pé òun ń tẹ̀lé òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, òun sì ti ń dín ṣúgà náà kù. Ṣùgbọ́n ọmọ ni ọmọ ń jẹ́, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Geneva.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tó bá fi adùn bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, adùn ni yóò máa wá kiri. Yóò kọ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, eyín rẹ̀ sì lè tètè jẹrà. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6. Ní ọdún 2023, àjọ náà tún sọ pé kí a má fi oúnjẹ tó kún fún ṣúgà bọ́ ọmọ oṣù 6 sí 23.

Yorùbá ní ògì tirẹ̀. Lóòótọ́, ògì nìkan kò tó láti mú ọmọ dàgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣúgà ni yóò dí àlàfo náà. Ẹja tí a lọ̀ kúnná, ẹyin tàbí ẹ̀wà sóyà ló yẹ é. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì ti fi ọ̀nà hàn nípa pípo ògì mọ́ sóyà.

Oyin pàápàá, àwọn dókítà ti kìlọ̀ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má ṣe tọ́ ọ lá, nítorí kòkòrò àìfojúrí tó lè wà nínú rẹ̀, èyí tí í máa sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára. Kí bàbá àti ìyá máa tọ́ ọ wò nítorí ọmọ wọn. Ire tí àgbà wú kò ní torí èyí dín kù. Ẹ̀mí gígùn ọmọ náà ni a sá ń tọrọ.