Owó Ẹyọ: Ìkarahun Tí Ó Rìn Ju Ìgbín Rẹ̀ Lọ

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun rẹ̀ a tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìgbín tí Elédùmarè dá sí ilẹ̀ àti sí omi, ọ̀kan ń bẹ tí ìkarahun rẹ̀ dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí, èyí nì ni ìgbín òkun kékeré tí a ń gba owó ẹyọ lára rẹ̀. Kò sí i ní òkun tiwa ní Èkó tàbí ní Àgbádárìgì. Òkun Íńdíà àti ti Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀, níbi tí omi kò gbé jìn, lábẹ́ òkúta, tí ó ti ń jẹ ewéko omi. Ẹni tí ó bá rí i láàyè lè má dá a mọ̀, nítorí ẹran ara rẹ̀ a máa yọ láti ìsàlẹ̀ lápá méjèèjì, a sì bo ìkarahun náà bí aṣọ. Ẹran yìí gan-an ni ó ń kùn ún tí ó fi ń dán. Nígbà èwe rẹ̀, ìkarahun náà fẹ́lẹ́, ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò. Ìgbà tí ó bá dàgbà ni ètè rẹ̀ tó ká wọnú, tí eyín wẹ́wẹ́ sì hù sí i.

Erékùṣù Maldives ni orírun èyí tí ayé kọ́kọ́ ná jù. Ibn Battuta, ará Mòrókò, alárìnká ayé, tí ó ṣe adájọ́ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1344, kọ ọ́ pé inú kòtò ni wọ́n ń kó ìgbín náà sí títí ẹran rẹ̀ yóò fi jẹrà dànù. Ó ní ogún ọ̀kẹ́, èyí ni 400,000, ni wọ́n ń tà ní dínárì wúrà kan. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó tún bá ẹyọ kan náà pàdé ní Mali àti ní Gao, níbi tí 1,150 péré ti tó dínárì kan. Ẹ wo èrè! Kò yani lẹ́nu pé àwọn Potogí, Dọ́ọ̀ṣì àti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé òwò náà, tí wọ́n ń dà á sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ìgbì má baà dojú ọkọ̀ dé, tí wọ́n sì ń gbé e láti Yúróòpù wá sí etíkun wa, níbi tí wọ́n ti fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ra ènìyàn.

Àwọn àgbà tí ń ki Ajé, òrìṣà ọrọ̀, ní Ògúgúlùsọ̀, ọmọ Olókun Sẹ̀níadé, kò ṣìnà, òkun ni owó ẹyọ ti wá lóòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òkun ẹlòmíràn. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ń ka ẹyọ, wọn a tú u sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn a máa fà á ní márùn-ún márùn-ún. Ogójì a di okùn kan, àádọ́ta okùn a di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá a sì di ọ̀kẹ́ kan, ẹrù géńdé.

Nígbà tí àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí kó irú mìíràn wá láti Zanzibar láàrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èyí tí ó tóbi díẹ̀ tí kò sì wọ́n, ẹyọ kún ọjà àkúnya, iyì rẹ̀ sì já. Bí ẹyọ bá wà nílé yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ti Zanzibar ní òrùka aláwọ̀ wúrà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ wò: ti Maldives ní kókó, ti Zanzibar a máa jọ̀lọ̀.