Fàníílà Inú Igi

Ẹni tó bá ti gba afárá Third Mainland kọjá lójú Oko Bàbá á mọ èéfín lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n máa ń sun létí ọ̀sà. Èéfín yìí ni mo fi máa ń ṣàlàyé fáwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kẹ́mísírì: ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló dojú kọ igi, tó ń tú u palẹ̀, kò sì ní sinmi títí yóò fi ku eérú. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi wọ́n pé, bí a bá wá dá ọ́síjìn yẹn dúró lágbede méjì ńkọ́?

Ohun tí ilé iṣẹ́ Borregaard ń ṣe nílùú Sarpsborg, lórílẹ̀-èdè Norway, láti 1962 nìyẹn. Igi spruce ni wọ́n ń sè. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ fọ́nrán igi náà. Omi aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó kù kún fún lígínì, ohun tó so fọ́nrán wọ̀nyẹn pọ̀ tí igi fi le. Wọ́n á da sódà táwọn ọlọ́ṣẹ mọ̀ dáadáa sí i, wọ́n á fi èròjà bàbà díẹ̀ kún un kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n á dé e pa, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ọ́síjìn á já lígínì sí wẹ́wẹ́. Lára wẹ́wẹ́ náà ni vanillin wà, òun ló ń fún fàníílà ní òórùn tí ẹ ń gbọ́ nínú kéèkì.

Bó bá pẹ́ jù lórí iná, ọ́síjìn kan náà á jẹ vanillin run. Nínú tọ́ọ̀nù igi kan, bíi kìlò 3 péré ni wọ́n ń rí! Síbẹ̀, kì í ṣe oníkéèkì nìkan ló nílò vanillin: láti ara vanillin ni a ti lè ṣe methyldopa, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń fún àwọn aláboyún.

Ọmọ tó bá já fáfá á ní, “Ọ̀gá, ṣé a ò lè ṣe é ní Oko Bàbá ni?” Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Lígínì inú lẹ́búlẹ́bú tiwa ṣì so mọ́ fọ́nrán, a ò tíì sè é kúrò. Yàtọ̀ síyẹn, ìrókò, arère àti àfàrà kì í ṣe ẹbí spruce. Lígínì tiwọn á mú vanillin jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n á mú syringaldehyde tó jọ ọ́ dáadáa wá pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó kọ́kọ́ wá bí yóò ṣe ya àwọn méjèèjì láìnáwó jù, kó tó lọ yáwó ní báǹkì.