Iṣẹ́ Kékeré Tó Ń Bímọ Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀kán omi mẹ́ta péré ni. Ẹni tó ni ọkọ̀ rí i nílẹ̀ gáréèjì láàárọ̀ Sátidé, lápá iwájú. Ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mọ̀ pé omi rédíétọ̀ ni. Ọkọ̀ kò tíì gbóná jù, ẹ́ńjìnnì sì ń dún dáadáa. Ó ní wọ́tà pọ́ǹpù ló ń jò, òun á pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ṣì wà lókè lórí irin, rédíétọ̀ fara ti ògiri, bóòtì kún orí tábìlì, ó sì ń retí kílọ́ọ̀ṣì tuntun. Ẹni tó bá ti tọ́jú sípọ́ọ̀tì káà àtijọ́ rí yóò dá ìtàn yìí mọ̀.

Àwọn ará ilé á ní owó ló ń yún un lápò. Àwọn míì á ní mẹkáníìkì ló ń tàn án. Èmi gbà pé bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ náà jọ ló fà á. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà lẹ́yìn ohun nínú ẹ́ńjìnnì yóò mọ ìdí tí iṣẹ́ kékeré fi ń bímọ, yóò sì mọ ibi tó yẹ kóun dúró sí.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni Porsche 944. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é láti 1982 títí di 1991, iye tí wọ́n ṣe sì lé ní 160,000. Ilé iṣẹ́ Audi tó wà ní Neckarsulm ló ń to èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pọ̀ fún Porsche. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn lónìí ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó pẹ́ tí 944 fi wà lára àwọn Porsche tí owó wọn rọlẹ̀ jù, torí náà ọ̀pọ̀ ẹni tí kò lówó rẹpẹtẹ ló rà á. Iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ ló rọlẹ̀ o. Iṣẹ́ inú rẹ̀ kò rọlẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ onísílíńdà mẹ́rin, lítà 2.5. Fún sílíńdà mẹ́rin, ìyẹn tóbi gan-an: písítìnì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 100. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ a máa gbọ̀n. Ìdí ni pé eré tí písítìnì ń sá nígbà tó wà lápá òkè yàtọ̀ sí èyí tó ń sá nísàlẹ̀, nítorí pé ọ̀pá tó so ó mọ́ kíráǹkì máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí kíráǹkì ti ń yí. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń mi ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kíráǹkì kọ̀ọ̀kan. Frederick Lanchester, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wá ojútùú sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: kí ọ̀pá méjì tí ẹ̀gbẹ́ kan wọn wúwo ju ìkejì máa yí ní ìlọ́po méjì eré kíráǹkì, kí wọ́n sì kọjú òdì síra wọn, kí gbígbọ̀n tiwọn lè pa ti písítìnì. Mitsubishi tún ọgbọ́n yìí ṣe ní àwọn ọdún 1970, Porsche sì sanwó fún Mitsubishi kó tó lò ó nínú 944. Òun ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà rọra máa dún bíi pé sílíńdà rẹ̀ ju mẹ́rin lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí yóò bá yí gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń yí i. Nítorí náà, bẹ́líìtì eléyín méjì ló wà níwájú ẹ́ńjìnnì 944. Èyí tó wà níta ní eyín nínú àti lẹ́yìn. Òun ló ń yí ọ̀pá méjèèjì yẹn. Lábẹ́ rẹ̀ ni táímíǹgì bẹ́líìtì wà, tó so kíráǹkì mọ́ kámúṣáàfù tó ń ṣí fáàfù. Bí kíráǹkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáàfù a yí lẹ́ẹ̀kan. Ìṣirò yìí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, torí ààyè kan náà ni písítìnì àti fáàfù jọ ń lò, kálukú ní àkókò tirẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá já, písítìnì a gbá fáàfù tó ṣí sílẹ̀, fáàfù a tẹ̀, a ó sì tú tọ́ọ̀pù sílíńdà. Àkísà bẹ́líìtì ìta tó já pàápàá lè wọ inú ti táímíǹgì, kó sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yìn táímíǹgì bẹ́líìtì yìí, níbi tí kò léyín, ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù. Ibẹ̀ ni ìtàn ẹ̀kán omi mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà tí a ó gbà dé ibi pọ́ǹpù. A ó da omi rédíétọ̀ nù. A ó yọ fáànù kí ọwọ́ lè ráyè. A ó tú bẹ́líìtì tó ń yí jẹnẹrétọ̀ iná, ká tó yọ ìdérí. Bẹ́líìtì ìta á bọ́, ti táímíǹgì á tẹ̀ lé e, àwọn béárìn tí wọ́n ń gùn yí náà á bọ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí la ó tó rí pọ́ǹpù. Bóòtì kéékèèké ló dè é mọ́ ara ẹ́ńjìnnì.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń mú kí iṣẹ́ bímọ nìyí: owó ọ̀nà ju owó ọjà lọ. Ó dà bí ẹni tó wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó nítorí páálí ìṣáná kan. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ṣe irú ìrìn àjò yẹn kó má ra iyọ̀ bọ̀. Bẹ́líìtì tí a ti yọ, tí a kò mọ ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, a kò ní dá a padà. Lẹ́yìn bẹ́líìtì ni ọ́ìlì síìlì kíráǹkì wà, àti ti kámúṣáàfù, àti ti ọ̀pá méjèèjì. Owó róbà kéékèèké wọ̀nyí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá jò lọ́dún tó ń bọ̀, ọ́ìlì á kán sórí bẹ́líìtì tuntun, á bà á jẹ́, ìrìn àjò kan náà la ó sì tún rìn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Inú pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ni tọ́mọ́sítáàtì ń gbé, torí náà òun náà á jẹ́ tuntun. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣejù nínú gbogbo ìwọ̀nyí.

Èkejì ni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ọdún kan náà ni róbà inú ọkọ̀ wọ iṣẹ́, ooru kan náà ló sì ń yan gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá ti gbó, àwọn yòókù kò jìnnà. Ẹ tún wá rántí pé omi inú ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbára, kó má bàa tètè hó. Nígbà tí pọ́ǹpù ń jò, agbára yẹn ń ríbi sá gbà. Nígbà tí a fi tuntun sí i, tí ihò dí, gbogbo agbára náà kọjú sí páìpù róbà tó gbó jù. Àwọn èèyàn á ní pọ́ǹpù tuntun ló bẹ́ páìpù. Páìpù ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀. Jíjò yẹn ló ń bò ó láṣìírí.

Ẹ̀kẹta ni pé ohun tó gbó kì í fẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn án. Alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì 944, irin sì ni bóòtì. Níbi tí irin, alumíníọ̀mù àti omi bá ti pàdé fún ọgbọ̀n ọdún, ìpẹtà á lẹ̀ wọ́n pọ̀. Nílẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù, ìyẹn tún le sí i. Sípánà á yí, orí bóòtì á já, ìdí rẹ̀ á kù sínú ihò. Lílu irin síhò, fífà á jáde, ṣíṣe ojú ihò tuntun: iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

Báwo wá ni kílọ́ọ̀ṣì ṣe wọ ọ̀rọ̀ omi? Ọkùnrin wa ní nígbà tí ọkọ̀ ti wà lókè, kóun kúkú yanjú kílọ́ọ̀ṣì tó ti ń yọ̀. Níbí ló ti ṣìnà. Kí ìwúwo ọkọ̀ lè pín dọ́gba síwájú àti sẹ́yìn, Porsche gbé ẹ́ńjìnnì síwájú, ó gbé gíáàbọ́ọ̀sì sẹ́yìn, ó sì fi ọ̀pá gígùn kan tó ń yí nínú páìpù irin so wọ́n pọ̀. Ara ẹ́ńjìnnì níwájú ni kílọ́ọ̀ṣì wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i á tú páìpù èéfín, á tú gíáàbọ́ọ̀sì lẹ́yìn, á fa páìpù gígùn yẹn sẹ́yìn. Ibẹ̀ náà ní ọmọ tirẹ̀: béárìn inú páìpù, ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì, àti sẹ́ńsọ̀ méjì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí kíráǹkì yí dé, tí ooru ti sọ wáyà wọn di gbígbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Iwájú ẹ́ńjìnnì lọ́nà tirẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ìrìn àjò méjì ló pè ní ẹyọ kan.

Ìyẹn ni ààlà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí á máa bi ara wa nígbà tí ọwọ́ bá fẹ́ nà sí nǹkan míì: bí èyí bá bàjẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, ṣé ọ̀nà tí mo là lónìí ni màá tún là? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí ohun náà sì ti dàgbà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún ọjọ́ mìíràn, kí ẹ to ọkọ̀ pọ̀, kí ẹ wà á. Ẹni tó bá tún nǹkan mẹ́wàá ṣe pọ̀, tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò ṣí, kò ní mọ èwo nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá tún iwájú nìkan ṣe mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò.

Sípọ́ọ̀tì káà nìkan kọ́ ló ni òfin yìí. Camry Big Daddy tó jẹ́ V6, tó kún títì wa, náà ń fi táímíǹgì bẹ́líìtì yí wọ́tà pọ́ǹpù. Bí mẹkáníìkì yín bá ní kí ẹ ra méjèèjì pọ̀, òótọ́ ló ń sọ. Ẹ bi í pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ béárìn ibẹ̀ gbẹ̀yìn.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́ mẹ́ta, kí ẹ sàmì sí ibi tí táyà iwájú dúró sí. Lórí 944, omi rédíétọ̀ á fi àwọ̀ tirẹ̀ hàn, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á dúdú, ọ́ìlì sítíárìn á pupa. Bí ẹ̀kán omi àti ọ́ìlì dúdú bá jọ wà lápá iwájú, ọ́ìlì síìlì àti pọ́ǹpù ti jọ ń ránṣẹ́ síni, owó méjèèjì ni kí a mú dání ká tó di sípánà mú. Bí páálí bá gbẹ lápá ẹ̀yìn, ká fi ẹ̀yìn sílẹ̀.