Ọkọ̀ Òkun Tọmọdé Tàgbà

Ọmọdé kì í ní sùúrù àgbà. Bí òbí bá kó wọn lọ sójú agbami, kí ni wọn yóò máa ṣe níbẹ̀? Nítorí èyí ni ilé-iṣẹ́ Disney ti Amẹ́ríkà ṣe ṣe ọkọ̀ ìgbafẹ́ Disney Magic. Ítálì ni a ti kàn án: iwájú rẹ̀ ní Ancona, ẹ̀yìn rẹ̀ ní Marghera, a sì wá so méjèèjì pọ̀. Oṣù Keje 1998 ni ó kọ́kọ́ gbé èrò láti Florida. Gígùn rẹ̀ ju mítà 290 lọ.

Àwọn ọmọdé ní ibi eré tiwọn, àgbà ní ibi ìsinmi tiwọn. Ilé oúnjẹ mẹ́ta ni ìdílé ń jẹ kiri lálaalẹ́. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún wọn a sì máa bá wọn lọ, kí ọmọ má bàa rí ojú àjèjì.

Àwọ̀ ọsàn ni ó yẹ kí ọkọ̀ kéékèèké tí a fi ń gba ẹ̀mí là ní, kí a lè tètè rí wọn lókèèrè. Ṣùgbọ́n Disney fẹ́ àwọ̀ ìyeyè, bíi bàtà Mickey, èkúté inú àwòrán wọn. Àfi ìgbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i.

Bí eré ti wù kó dùn tó, ẹni tó bá kó ọmọ lọ sórí òkun, ààbò ni kó kọ́kọ́ mú dání.