Ìtẹ́lọ́rùn Kò Ní Ká Má Jèrè

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ní ọjà Malete, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí ni ìtẹ́lọ́rùn nínú Krístì. A mọ̀ pé àwọn kan á ti yínmú. Wọn á ní, "Ẹni tó ń san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́rin, kí ló fẹ́ fi ìtẹ́lọ́rùn rà?" Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ ká fojú fò ó.

Gbogbo wa la mọ bí ìgbà ṣe rí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò sí ẹni tó ń kó ọjà láti Ìlọrin wá síbí tí kò mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni láti ọdún 2009 tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti dé àárín wa, ọjà wa ti ní ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò tirẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, ọjà yá, akẹ́kọ̀ọ́ gba ìsinmi, à ń jókòó ti igbá wa.

Nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ojú máa ń lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ MMM. Ní ọdún 2016, ariwo rẹ̀ gba gbogbo Nàìjíríà: fi ọgọ́rùn-ún náírà sílẹ̀, lẹ́yìn oṣù kan, wàá gba àádóje. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa, owó há. Kì í ṣe ebi nìkan ló ti àwọn èèyàn síbẹ̀. Ẹni tó jẹun yó náà bá wọn wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ọ̀kánjúà baba àrùn.

Ẹ jẹ́ ká wo inú Bíbélì. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó kọ lẹ́tà sí ìjọ Fílípì. Ní orí kẹrin lẹ́tà náà, ó sọ pé òun kọ́ ìtẹ́lọ́rùn ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: ó kọ́ ọ. A kò bí i mọ́ ọn. Bí ọmọọṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ ni òun náà ṣe kọ́ ọ. Ó sì ní òun kọ́ ọ nígbà tí kò sí, òun tún kọ́ ọ nígbà tó wà. Ìyẹn ni pé ẹni tí ọjà ń yá fún náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́. Agbára tó fi ṣe é, ó ní láti ọ̀dọ̀ Krístì ni.

Ta ló wà nínú ìjọ tó kọ̀wé sí yìí? Ìyá ọlọ́jà kan wà nídìí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀! Lìdíà lorúkọ rẹ̀, ará Tiatírà, aṣọ elésè àlùkò ló ń tà, aṣọ olówó iyebíye táwọn ọlọ́lá ń wọ̀. Etí odò ni Pọ́ọ̀lù ti bá òun àtàwọn obìnrin yòókù níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà. Ó gbàgbọ́, ó ṣe ìrìbọmi, ó sì ní dandan, ilé òun ni wọ́n máa dé sí. Kò síbi tí a ti kà á pé wọ́n ní kó pa ọjà rẹ̀ tì. Pọ́ọ̀lù gan-an ń pa àgọ́ tà pẹ̀lú Ákúílà àti Pìrìsílà ní Kọ́ríńtì.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìtàn ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká wá sí Kwara wa níbí. Ọdún 1904 ni wọ́n bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Odò-Ọwá. Ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì fún ìjọba. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ń gba owó oṣù lọ́wọ́ òyìnbó kì í ṣe èèyàn kékeré. Lọ́dún 1928, ẹ̀rọ náà dákú lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkéjì-Arákéjì. Ibẹ̀ ló ní òun ti gbọ́ ìpè Ọlọ́run, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1930, èrò rọ́ lọ sí ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà. Ó kú ní ọdún 1959. Títí dòní, àdúrà àti ààwẹ̀ la fi ń rántí rẹ̀, kì í ṣe ilé alájà.

Ṣé ká wá pa ìsọ̀ wa tì bíi Babalọlá ni? Rárá o. Babalọlá fi iṣẹ́ sílẹ̀, Pọ́ọ̀lù ń pa àgọ́, Lìdíà ń ta aṣọ. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé kò sí èyí tó fi owó ṣe Ọlọ́run rẹ̀.

Ìtẹ́lọ́rùn kì í sì í ṣe ká dákẹ́ bí wọ́n bá ń rẹ́ wa jẹ. Ní Fílípì kan náà, wọ́n na Pọ́ọ̀lù láìṣẹjọ́, wọ́n wá ní kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó kọ̀. Ó ní kí àwọn aláṣẹ fẹsẹ̀ ara wọn wá mú òun jáde. Bí owó orí ìsọ̀ bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ìpàdé.

Nídìí ọjà, báyìí la ṣe ń mọ̀ ọ́n: ìyá tó ní ìtẹ́lọ́rùn kò ní tẹ ìdí kóńgò wọnú kí gàrí lè dín. Kò ní yáwó èlé nítorí aṣọ ẹbí. Bí oníbàárà bá yà sí ìsọ̀ kejì, kò ní sọ pé oògùn ni wọ́n fi fà á. Bó bá jèrè, á yọ̀, á fi kún ọjà, á sì rántí ẹni tí kò tà.

Àwọn ìyá wa Mùsùlùmí náà ń sọ "Alihamudulilai" bí wọ́n tà, bí wọn ò tà. Àwa tí a ń pe orúkọ Jésù, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká gbẹ́yìn. Olúwa á bù sí ọjà gbogbo wa, á sì fún wa lọ́kàn tí yóò fi mọ̀ pé ó tó. Àmín.