Ewu ńlá! Ohun tí Firefox àti Opera rí rèé tí wọ́n fi sáré ti ilẹ̀kùn mọ́ WebSocket

Oṣù Kejìlá, ọdún 2010, lọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀. Nǹkan tuntun kan wà tí àwọn tó ń ṣe ìkànnì ti ń retí tipẹ́, WebSocket ni wọ́n ń pè é. Òun ló máa jẹ́ kí sáfà àti kọ̀ǹpútà èèyàn máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbàkigbà. Àfi bí àwọn tó ni Firefox ṣe ní àwọn ò ní í ṣí i sílẹ̀ mọ́ nínú Firefox 4 tó ń bọ̀ lọ́nà. Opera náà ò fi falẹ̀, ló bá ti tiẹ̀ pa. Ìjà kọ́ o, ewu ni wọ́n rí.

Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wàhálà náà ti wá. Bí wọ́n ṣe ṣe HTTP, ìyẹn òfin tí ìkànnì fi ń ṣiṣẹ́, sáfà ò gbọ́dọ̀ lanu àyàfi tí wọ́n bá bi í léèrè. Ṣe ló dà bí ìyàwó tuntun láàárín àwọn àna ẹ̀: bí wọn ò bá pè é, kò ní í sọ nǹkan kan. Fún ẹni tó fẹ́ ka ìwé ìròyìn, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ tàkúrọ̀sọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ sáfà, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí á jókòó síbẹ̀, kò ní í mọ̀.

Làwọn onímọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n. Àwọn kan ní kí kọ̀ǹpútà máa bi sáfà léraléra. ‘Ṣé nǹkan ti dé?’ ‘Rárá.’ ‘Ṣé ó ti dé báyìí?’ ‘Rárá o!’ Dátà ń lọ, sáfà ń làágùn lásán. Àwọn mìíràn ní kí sáfà má tíì dáhùn, kó di ìdáhùn mọ́nú títí nǹkan á fi dé. Irú ọgbọ́n yìí ni Alex Russell sọ ní Comet lọ́dún 2006. Ṣùgbọ́n òun náà ní tiẹ̀ lára. Ọ̀pọ̀ sáfà ìgbà yẹn, bí òṣìṣẹ́ kan fún àlejò kan ló ṣe ń pín agbára ẹ̀. Bí àlejò bá jókòó tí kò lọ, òṣìṣẹ́ á tán nílẹ̀.

Ìgbà tó di ọdún 2008 ni Michael Carter àti Ian Hickson jọ fi ọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀, tí WebSocket fi jáde. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kí sáfà bí HTTP ṣe ń kí i, á ní ká jọ yí èdè padà. Bí sáfà bá gbà, á fi nọ́ńbà 101 dá a lóhùn. Láti ìgbà náà lọ, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, tọ̀túntòsì á máa sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2009, Google kéde pé ó ti wọ inú Chrome. Inú ń dùn, ijó ń lọ.

Àṣé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀! Láàárín èèyàn àti sáfà, àwọn kọ̀ǹpútà alárinà kan wà tó máa ń tọ́jú ẹ̀dà ohun tó ń kọjá, kí wọ́n lè tètè fún ẹlòmíì tó bá tún béèrè. Adam Barth àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn pé àwọn kan nínú wọn ò mọ èdè tuntun yìí. Oníjìbìtì lè tan èèyàn kan wá sí ìkànnì ẹ̀, kó gba inú WebSocket sọ ọ̀rọ̀ tó jọ pé ẹnì kan ń béèrè kóòdù ìkànnì ńlá kan. Sáfà tiẹ̀ á wá fi ayédèrú dáhùn, alárinà á gbà á gbọ́, á tọ́jú ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ alárinà náà kọjá lẹ́yìn ìyẹn, ayédèrú ni wọ́n máa bù fún un, bí kò tiẹ̀ dé ìkànnì oníjìbìtì rí.

Ibi tí wọ́n ti rí ojútùú ẹ̀ rèé. Wọ́n ní gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń ti ọ̀dọ̀ èèyàn lọ, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ dà á rú, kí kọ́kọ́rọ́ náà sì bá a lọ. Kì í ṣe torí àṣírí, torí kí oníjìbìtì má lè yan ohun tí alárinà máa rí ni. Firefox 6 gbà á padà ní oṣù Kẹjọ 2011, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, òfin ẹ̀ jáde, RFC 6455 ni nọ́ńbà ẹ̀.

Lọ́dún 2011 kan náà ni David Fowler àti Damian Edwards ní Microsoft gbé SignalR dé. Ẹni tó ti ní ìkànnì tẹ́lẹ̀ ò ní láti wó o lulẹ̀. SignalR á kọ́kọ́ gbìyànjú WebSocket, bí kò bá ṣeé ṣe, á padà sí ọgbọ́n àtijọ́.

Ṣùgbọ́n kò tíì tán o. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, WebSocket kì í fúnra ẹ̀ tún ọ̀rọ̀ tó sọnù fi ránṣẹ́, ẹni tó ni ìkànnì ló máa ṣètò ẹ̀. Bákan náà, ìkànnì oníjìbìtì lè fi orúkọ àlejò kan ilẹ̀kùn sáfà ẹlòmíì, bí sáfà ò bá yẹ ibi tí ìkíni náà ti wá wò, á ṣílẹ̀kùn fólè. Ilé tí wọn kì í tilẹ̀kùn ẹ̀, dandan ni kí wọ́n mọ ojú ẹni tó ń wọlé.