Àhesọ, Àtúnsọ àti Ẹ̀rí: Bí Ìgbàgbọ́ Ṣe Ń Tàn Láàrin Àwọn Olùbánisọ̀rọ̀

Lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà ní oṣù Keje ọdún 2014, àhesọ kan gba orí fóònù kiri pé kí àwọn ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí àrùn náà má baà ràn wọ́n. Ní oṣù Kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀. Báwo ni ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́rìí ṣe ń di ìgbàgbọ́?

Tíọ́rì tí Morris DeGroot gbé jáde ní ọdún 1974 tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Nínú rẹ̀, olúkúlùkù ń pa èrò rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀, ní ìwọ̀n bí ó ṣe gbẹ́kẹ̀ lé wọn tó. Ká ní Àdùkẹ́ kò gba àhesọ náà gbọ́ rárá, òǹkà èrò rẹ̀ jẹ́ 0. Àlàbí gbà á gbọ́ pátápátá, tirẹ̀ jẹ́ 1, kò sì ní yí padà. Bí Àdùkẹ́ bá fi ìlàjì ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ sí Àlàbí, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àkọ́kọ́ yóò gbé èrò rẹ̀ dé 0.5, ìkejì, 0.75, ìkẹta, 0.875. Ẹ̀rí tuntun kankan kò wọlé; àtúnsọ nìkan ni.

Àtúnsọ tún máa ń gba ẹnu púpọ̀ wá. Bí ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò àti ará ìjọ bá sọ ohun kan náà fún Àdùkẹ́, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni yóò kà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbọ́ ọ. Ní ọdún 2003, DeMarzo, Vayanos àti Zwiebel ṣàlàyé pé, níbi tí àwọn ènìyàn kò bá ti yọ irú àtúnsọ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìṣirò wọn, ipò ènìyàn láàrin àwọn olùbánisọ̀rọ̀ lè fún ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára ju bí ìmọ̀ rẹ̀ ṣe tó lọ.

Ọ̀ràn yìí kan gírámà Yorùbá pẹ̀lú. Nínú gbólóhùn "Wọ́n ní omi iyọ̀ ń dènà Ebola", kò pọn dandan kí "wọ́n" tọ́ka sí ẹnikẹ́ni pàtó. Orísun ọ̀rọ̀ farasin, iye ẹlẹ́rìí sì pòórá: ẹnì kan lè wà nídìí "wọ́n", ẹgbẹ̀rún sì lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè yìí kan náà ni ó ní òwe "Ìròyìn kò tó àfojúbà", tí ó ya ẹni tí ó gbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó rí. Kí olùgbọ́ tó ka iye àwọn tí ó sọ ọ̀rọ̀, ó yẹ kí ó bèèrè ibi tí olúkúlùkù wọn ti gbọ́ ọ.